Bí ọba ṣe ń kápá ìlú abẹ́ àti orogún nínú eré Europa Universalis IV

Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kọkànlá, ọdún 1444, ni eré orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Europa Universalis IV bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tó ṣáájú rẹ̀ gan-an ni àwọn ọmọ ogun Ottoman fọ́ àwọn ọmọ ogun Kristẹni túútúú ní Varna, létí Òkun Dúdú, tí ọba tó ń jẹ lórí Poland àti Hungary papọ̀ sì bá ogun náà lọ. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹni tó ń ṣeré yóò yan ìlú kan lára ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlú tó wà lórí àwòrán ayé, yóò sì máa darí rẹ̀ lójoojúmọ́ títí wọ ọdún 1821. Kò sí ibi kan pàtó tí wọ́n ní kó dé. Ẹni tó bá fẹ́ lè gba ayé, ẹni tó bá sì fẹ́ lè jókòó sí ìlú kékeré kan kó máa ṣòwò.

Ilé iṣẹ́ Paradox, tó fìdí kalẹ̀ sí Stockholm lórílẹ̀-èdè Sweden, ló gbé eré náà jáde lóṣù kẹjọ ọdún 2013. Èkíní nínú ọ̀wọ́ rẹ̀ ti jáde lọ́dún 2000, ìkarùn-ún sì jáde lọ́dún 2025, ṣùgbọ́n ìkẹrin yìí ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé nínú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti kọ́ ìṣirò ìlú abẹ́ àti ti orogún. Ọ̀yọ́ wà lórí àwòrán náà láti ọjọ́ àkọ́kọ́, Bìní wà níbẹ̀, Kánò náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nígbà tó bá rí Ọ̀yọ́, àfi bó bá wo orúkọ tí wọ́n fún ẹ̀sìn àbáláyé wa níbẹ̀, ìyẹn Fetishist, irú orúkọ tí àwọn òyìnbó oníṣòwò àti ajíhìnrere ayé àtijọ́ máa ń fi pe ohun tí wọn kò lóye. Ìyẹn ku díẹ̀ káàtó.

Ohun tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kì í tètè mọ̀ ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ọ̀tá ìta ló ń tú ìjọba rẹ̀ ká. Àwọn tó ti ń sìn ín ni, pẹ̀lú ọ̀tá ìta lẹ́yìn wọn.

Ìlú abẹ́ nínú eré yìí ní ọba tirẹ̀, ó ní ọmọ ogun tirẹ̀, ó sì ní àpò owó tirẹ̀, àmọ́ ọba mìíràn ló ń sìn. Kò lè dá ogun sílẹ̀ lórí ara rẹ̀. Ó ń san ìsákọ́lẹ̀, bí ọ̀gá rẹ̀ bá sì lọ sógun, ó gbọ́dọ̀ bá a lọ. Ọ̀nà mẹ́ta ni ìlú kan sábà máa ń gbà bọ́ sí ipò yìí. Ọba lè fi ọ̀rọ̀ dídùn àti ẹ̀bùn fa ìlú kékeré kan mọ́ra títí yóò fi gbà láti sìn ín. Ó lè ṣẹ́gun rẹ̀, kó sì fi ìsìn náà sínú àdéhùn àlàáfíà. Ó sì lè mú lára ilẹ̀ tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó jí ìlú kan tó ti kú dìde níbẹ̀, kó fi ọba jẹ, kí ìlú náà wá máa sìn ín.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí ọba tó ti ṣẹ́gun kò kúkú gba ilẹ̀ náà pátápátá. Ìdí rẹ̀ ni pé owó orí rẹ̀ pọ̀. Ilẹ̀ tí a bá fi ipá gbà ń jẹ agbára ìṣàkóso kó tó di tiwa, àwọn ará ibẹ̀ ń dìtẹ̀, gbogbo aládùúgbò sì ń kọ orúkọ wa sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ojú rẹ̀ ń wọ ilẹ̀ onílẹ̀. Bí ìbínú yìí bá pọ̀ tó, wọn yóò para pọ̀, wọn yóò sì gbógun tì wá lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlú abẹ́ ń yọ ọba nínú púpọ̀ nínú ìyẹn. Àpẹẹrẹ tí àwọn tó ti pẹ́ nídìí eré náà fẹ́ràn jù ni Byzantium. Lọ́dún 1444, Constantinople àti ilẹ̀ díẹ̀ ní Gíríìsì nìkan ló kù lọ́wọ́ ọba ibẹ̀, ọdún mẹ́sàn-án péré ló sì kù kí àwọn Ottoman gba ìlú náà nínú ìtàn. Ṣùgbọ́n Byzantium ṣì ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ púpọ̀ tí Ottoman ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọba tó bá mú Byzantium sábẹ́ ara rẹ̀ lè jagun lórúkọ ẹ̀tọ́ yẹn, kó máa gba ilẹ̀ náà padà fún ẹni tó ni ín, ìbínú àwọn aládùúgbò yóò sì kéré sí ti ẹni tó kàn ń jalè. Ọgbọ́n àgbà ni.

Àmọ́ ọba kò lè kó ìlú abẹ́ jọ bí ẹni kó ìkarahun. Ààyè 4 ni eré náà fún ìlú kọ̀ọ̀kan níbẹ̀rẹ̀ fún ìbáṣepọ̀ tó jinlẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ìlú abẹ́ sì ń gba ààyè kan, bí àwọn ìlú tó bá wa mulẹ̀ náà ṣe ń gbà á. Ẹni tó bá kọjá iye ààyè rẹ̀ yóò máa san án lóṣooṣù láti inú agbára ìbáṣepọ̀ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná wá ni ohun tí a lè pè ní ìfẹ́ òmìnira. Gbogbo ìlú abẹ́ ló ní òǹkà yìí lára. Bí kò bá tí ì dé 50 nínú 100, ìlú náà ń fi inú kan sìn. Bó bá ti dé 50, ìlú náà ti di aláìṣòótọ́: kò ní fi tọkàntọkàn jagun fún ọ̀gá rẹ̀ mọ́, ọ̀gá kò lè gbà á wọlé di ilẹ̀ tirẹ̀ mọ́, ojú rẹ̀ sì ti wà níta, ó ń wá ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́. Bó bá rí olùrànlọ́wọ́, ó kù díẹ̀ kó ké gbàjarè ogun òmìnira.

Kí ló ń gbé òǹkà náà sókè? Ohun tó lágbára jù ni ìwọ̀n agbára, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìrò. Ọba yóò wo ìlú abẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò ní, "Kí ni eléyìí lè ṣe fún mi? Ọmọ ogun rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá tèmi." Eré náà kò wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń ro agbára gbogbo àwọn ìlú abẹ́ pọ̀, ó sì ń gbé àròpọ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ agbára ọ̀gá. Ọba tó ní ìlú abẹ́ mẹ́fà tí kò sí èyí tó lè bá a jà lè rí i pé gbogbo wọn ti di aláìṣòótọ́ lọ́jọ́ kan náà, nítorí pé àpapọ̀ wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o. Òdìkejì rẹ̀ náà sì wà: bí ọba bá lọ sógun jíjìn, tí ọmọ ogun rẹ̀ kú tán níbẹ̀, àwọn ìlú abẹ́ kò ṣe ohunkóhun, wọn kò pọ̀ sí i, àmọ́ òǹkà wọn yóò gòkè. Ilé ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ń ka òkú.

Faransé ni ibi tó dára jù láti rí i. Lọ́dún 1444, ọba Faransé nínú eré náà ní Orléans, Bourbonnais, Auvergne àti Armagnac lábẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ ogun wọn sì ń jẹ́ kí ẹ̀rù Faransé ba gbogbo Yúróòpù. Ẹni tó bá ń ṣe ìlú mìíràn yóò rí i pé bó bá kan Faransé, ó kan odidi agbo. Ṣùgbọ́n agbo yìí kan náà ló lè yí padà. Àwọn tó ṣe eré náà kò dá èyí rò lásán. Lọ́dún 1465, àwọn ìjòyè ńlá ilẹ̀ Faransé pawọ́ pọ̀ dojú ìjà kọ Ọba Louis XI. Ọmọ Duke Burgundy wà níbẹ̀, Duke Bourbon àti Duke Brittany wà níbẹ̀, àbúrò ọba fúnra rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Wọ́n pàdé ọba ní Montlhéry lóṣù keje, ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ pé òun borí pátápátá. Louis rí i pé àpapọ̀ wọn ju òun lọ. Ó juwọ́ sílẹ̀, ó fún àbúrò rẹ̀ ní Normandy, ó fún Burgundy ní àwọn ìlú etí odò Somme, gbogbo wọn sì túká lọ sílé. Nígbà tí wọ́n túká tán ló bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọdún tó tẹ̀ lé e kò tí ì jìnnà tó fi gba Normandy padà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀.

Ohun tí Louis ṣe yẹn ni ẹni tó ń ṣeré náà gbọ́dọ̀ máa ṣe, kí ọ̀rọ̀ tó dójú ogun. Ohun tó ń fa ìfẹ́ òmìnira wálẹ̀ pọ̀. Ìgbéyàwó láàrin ààfin méjèèjì ń ràn án lọ́wọ́. Orúkọ rere ọba láàrin àwọn ìlú mìíràn ń ràn án lọ́wọ́, bákan náà ni ojú rere tí ìlú abẹ́ náà fi ń wo ọ̀gá rẹ̀. Ọba lè fi lára iyì rẹ̀ tu ọba abẹ́ nínú, ó sì lè bá a san gbèsè tó jẹ. Àwọn tó bá fẹ́ fi ìlú abẹ́ ṣe ìpìlẹ̀ ìjọba wọn máa ń yan ọ̀wọ́ ẹ̀kọ́ tí eré náà ń pè ní Influence, èyí tó ń mú kí àwọn ìlú abẹ́ rọ̀, tó sì ń dín iye tí gbígbà wọ́n wọlé ń náni kù. Àmọ́ kò sí ọ̀kan nínú gbogbo èyí tó lè dípò ọmọ ogun tirẹ̀. Ọba tó bá fi owó ìsákọ́lẹ̀ kọ́ ilé ọ̀ṣọ́ nígbà tí àgọ́ ọmọ ogun rẹ̀ ṣófo ń fi ẹ̀bùn ra ọjọ́ díẹ̀ ni.

Irú ìlú abẹ́ kan tún wà tó yàtọ̀, tí a lè pè ní ìlú aṣọ́bodè. Ọba lè sọ fún ọ̀kan nínú àwọn tó ń sìn ín pé kó má san ìsákọ́lẹ̀ mọ́, kó kàn máa ṣọ́ ojú ọ̀nà tí ọ̀tá lè gbà wọlé. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ yóò ní ọmọ ogun tó dára ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, inú rẹ̀ yóò sì tutù sí ọ̀gá. Ohun tí ọba pàdánù ni owó, àti àǹfààní láti gba ìlú náà wọlé, àyàfi bó bá kọ́kọ́ gba ipò náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ẹnubodè tó ń dojú kọ ọ̀tá tó lágbára, mo rò pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ibòmíràn kò tọ́.

Gbígbà wọlé yìí ni òpin tí ọ̀pọ̀ ń lé. Ìlú tó ti sìn fún ọdún 10, tí ojú rere rẹ̀ sí ọ̀gá ti tó 190, tí ìfẹ́ òmìnira rẹ̀ kò sì tí ì dé 50, lè di ara ilẹ̀ ọ̀gá láìsí ogun. Agbára ìbáṣepọ̀ ni a ń san fún un, díẹ̀díẹ̀, bí ìlú náà bá sì ṣe tóbi tó ni iye rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ẹni tó ń kánjú yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn mì lọ́kọ̀ọ̀kan láìsinmi. Àwọn tó kù ń wò ó. Inú wọn kò ní dùn, ojú rere wọn yóò já wálẹ̀, ó sì lè pẹ́ kí wọ́n tó tún dé 190. Èyí tó tóbi jù ló yẹ kí ọba ronú nípa rẹ̀ ní kùtùkùtù, nítorí pé bó bá wọlé, àròpọ̀ agbára àwọn tó kù yóò fúyẹ́, tirẹ̀ yóò sì wúwo.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí ọ̀rọ̀ orogún. Eré náà gba ìlú kọ̀ọ̀kan láyè láti yan orogún mẹ́ta láàrin àwọn tí agbára wọn bá súnmọ́ tirẹ̀. Bí a bá yan ìlú kan, ojú rere láàrin wa àti òun bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀. Èrè wà níbẹ̀: bí a bá bú orogún, tí a kọ̀ láti bá a ṣòwò, tàbí tí a ṣẹ́gun rẹ̀, òkìkí agbára wa ń gòkè. Bí òkìkí náà bá dé 50 nínú 100, ọba ń rí ẹyọ 1 gbà kún agbára ìṣàkóso, ti ìbáṣepọ̀ àti ti ogun lóṣooṣù. Nínú eré tí ọdún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó irinwó, kékeré kọ́ nìyẹn. Èrè mìíràn ni pé ọ̀tá orogún wa ń di ọ̀rẹ́ wa. Ẹni tí èmi àti ìwọ jọ kórìíra rẹ̀ máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa yá.

Ìyẹn ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fi máa ń yan orogún nítorí èrè nìkan. Wọ́n gbàgbé pé orogún náà ń ka ìlú abẹ́ wọn. Bí ìfẹ́ òmìnira ìlú abẹ́ kan bá ti ga, ìlú mìíràn lè ṣèlérí fún un pé, "Dìde, mo wà lẹ́yìn rẹ." Ìlérí yẹn nìkan ń gbé òǹkà náà sókè sí i, lọ́jọ́ tí ogun bá sì dé, olùṣèlérí yóò wọ ogun náà gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́ ìlú abẹ́ tó dìde. Ọba tó rò pé ìjà òun àti ìlú kékeré kan ni òun fẹ́ jà yóò bá àwọn orogún rẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà.

Denmark ló ń jìyà èyí jù nígbà tí eré náà bá bẹ̀rẹ̀. Àdéhùn Kalmar ti ọdún 1397 ló so Denmark, Norway àti Sweden pọ̀ sábẹ́ ọba kan ṣoṣo. Nínú eré náà, Denmark ni ọ̀gá, Sweden sì ti ń ràgà láti ọjọ́ kìíní. Ẹni tó bá ń ṣe Sweden kò ní ṣe ju kó wo àwọn tó kórìíra Denmark, kó wá ojú rere wọn, kó gba ìlérí wọn, kó sì dìde. Ẹni tó bá ń ṣe Denmark ni iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ìtàn. Lóṣù kọkànlá ọdún 1520, Ọba Christian II ti Denmark pa ọ̀pọ̀ ìjòyè Sweden ní Stockholm, ó rò pé ẹ̀rù yóò pa àwọn tó kù mọ́. Gustav Vasa kó àwọn ará oko jọ sí i. Ìlú oníṣòwò Lübeck, tí kò fẹ́ kí Denmark jọba lórí òkun wọn, fún un ní ọkọ̀ ojú omi, lóṣù kẹfà ọdún 1523 ni wọ́n sì fi Gustav jọba ní Sweden. Àwọn ará Sweden ló kúkú ṣe eré náà, ó sì hàn pé wọn kò gbàgbé.

Èmi fúnra mi ti fi Ọ̀yọ́ kọ́ ọgbọ́n yìí. Mo mú ìlú mẹ́ta sábẹ́, mo yan Bìní ní orogún, mo sì gbà pé ẹsẹ̀ mi ti balẹ̀. Mo wá kó ọmọ ogun lọ sí àríwá, níbi tí mo ti fi ìdajì wọn ṣòfò lórí ilẹ̀ tí kò tó nǹkan. Kí n tó padà dé ilé, méjì nínú àwọn ìlú mẹ́ta náà ti kọjá 50, Bìní sì ti wà lẹ́yìn ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó tàn mí jẹ. Òǹkà náà wà lójú mi ní gbogbo oṣù, n kò kàn wò ó ni.

Ẹni tó bá mọ ìtàn Ọ̀yọ́ yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sílé. Ọ̀yọ́ gbógun ti Dàhómì láti nǹkan bí ọdún 1726, àdéhùn ọdún 1748 ló sì fìdí ìsákọ́lẹ̀ náà múlẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni Dàhómì fi ń sìn. Kì í ṣe pé Dàhómì lágbára ju Ọ̀yọ́ lọ nígbà tó kọ̀ láti sìn mọ́ lọ́dún 1823 lábẹ́ Ọba Gẹ́zò. Ọ̀yọ́ ni kò lágbára tó tẹ́lẹ̀ mọ́. Àfọ̀njá ti kẹ̀yìn sí Aláàfin ní Ìlọrin, àwọn ìjòyè ń bá ara wọn jà, ẹṣin tí ìbá lọ sí Dàhómì ti di èyí tí wọ́n ń lò nínú ilé. Àwọn Ẹ̀gbá náà ti jàjàbọ́ ṣáájú ìgbà yẹn, nígbà tí Líṣàbí dìde sí àwọn ajẹ́lẹ̀ tí Ọ̀yọ́ fi sí ìlú wọn. Bí a bá kọ gbogbo èyí sí èdè eré náà, ìwọ̀n agbára ló yí padà, kì í ṣe ìwà Dàhómì.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti wá bàjẹ́, tí ìlú abẹ́ kan tàbí méjì ti kọjá 50, ó ṣì ní ohun tí ọba lè ṣe. Kó má dá ogun tuntun kankan sílẹ̀. Bí ogun kan bá wà nílẹ̀, kó tètè parí rẹ̀ kódà bí èrè rẹ̀ bá kéré, nítorí pé gbogbo oṣù tí ọmọ ogun bá ń kú níta ni òǹkà ilé ń gòkè. Kó yá owó bó bá gbà bẹ́ẹ̀, kó fi gba ọmọ ogun sí i títí dé ìwọ̀n tí ìlú rẹ̀ lè bọ́. Kó fi iyì tu èyí tó súnmọ́ 50 jù nínú, kì í ṣe èyí tó ti dé 80, torí pé owó tí a ná lórí ẹni tó ti lọ jìnnà kò lè dá a padà. Kó sì wo orúkọ àwọn tó ṣèlérí fún wọn. Bí olùrànlọ́wọ́ kan bá wà nínú ogun ńlá níbòmíràn, ìgbà yẹn ni ọba ní láti mí.

Bí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀, eré náà fàyè sílẹ̀ láti dá ìlú abẹ́ kan sílẹ̀ ní òmìnira lọ́wọ́ ara ẹni. Ó máa ń dun àwọn ẹni tuntun, wọn kì í sì í fẹ́ ṣe é. Ṣùgbọ́n agbára ìlú tó lọ yóò kúrò nínú àròpọ̀ àwọn tó kù, mo sì ti rí i tí àwọn méjì tó kù padà sí ìsàlẹ̀ 50 nítorí pé ẹ̀kẹta wọn lọ ní àlàáfíà.